Kí Aláìsàn Tó Dé Ọ̀dọ̀ Oníṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ

 Orí ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ lè dà bí èyí tó jìnnà sí ilé: àwọn ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń lò bí àlejò ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ dókítà. Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló kan ìlú wa, Másífà, nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ohun tí n óò sọ lónìí. Èrò mi ni pé àwọn tí kò ní di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ láéláé gan-an ló yẹ kí a máa rán lọ síbẹ̀ jù: àwọn tí yóò jókòó sí Jẹ́nẹ́rà, ilé ìwòsàn ìjọba ní ìlú kékeré, tí wọn yóò sì jẹ́ dókítà àkọ́kọ́ tí ẹni tó fi orí gbá títì yóò bá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú agbárí fúnra rẹ̀. Agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀, kì í sì í nà. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bá já lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kò ríbi gbà jáde. Ṣe ni yóò máa ti ọpọlọ, títí ọpọlọ yóò fi há sí ihò tó wà nísàlẹ̀ agbárí, nítòsí ibi tí a ti ń darí èémí. Ìdí nìyí tí ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà lọ́sàn-án fi lè dìde, kó gbọn aṣọ rẹ̀, kó ní kò sí ohun tó ṣe òun, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú kó má lè dáhùn mọ́ bí a bá pè é. Àwọn ará ilé yóò ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kí a jẹ́ kó sùn. Bí dókítà kò bá rí irú oorun bẹ́ẹ̀ rí, òun náà lè gbà pé oorun ni. Ní 1981, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn 82 jáde, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dì sí abẹ́ awọ tó bo ọpọlọ wọn lẹ́yìn tí wọ́n farapa, tí wọ́n sì ti dákú. Nínú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láàrin wákàtí mẹ́rin, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Àwọn ìwádìí mìíràn tó tẹ̀lé e kò rí ìyàtọ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí a sọ wákàtí mẹ́rin di òfin. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó máa sọ pé ìdádúró kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìwádìí mìíràn ní 1993 tún fi hàn pé bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni tó farapa lórí bá já wálẹ̀ jọjọ, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, ewu ikú rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Ohun tó lè gbé ìfúnpá náà dúró kò sí ní tíátà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ nìkan. Omi tí a ń fà sí ojú iṣan ni, ẹ̀jẹ̀ tí a dá dúró lójú ọgbẹ́ ni, Jẹ́nẹ́rà sì lè ṣe é.

Ẹ wá gbé wákàtí mẹ́rin yẹn wá sí àgbègbè yìí. Láti Èjìgbò tó wà nítòsí wa dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ; dé Òṣogbo, ó tó nǹkan bí 40. Bí ọkọ̀ bá wà, tí ọ̀nà sì ṣe é rìn, kò yẹ kí ìrìn náà gba wákàtí méjì. Ó ní láti jẹ́ pé ibòmíràn ni àkókò tún ti ń ṣòfò. Ó lè ṣòfò nínú ilé, níbi tí wọ́n ti ń retí kí oorun dá lójú ẹni tó ṣubú. Ó lè ṣòfò ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti rán ọgbẹ́ awọ orí, tí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, tí wọ́n sì ní kí a wo ilẹ̀ ọ̀la. Ó lè ṣòfò nínú lẹ́tà tí wọ́n fi rán aláìsàn síwájú, tí kò sọ ìgbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, tí kò sọ bóyá ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tó dé, débi pé ẹni tó gbà á ní láti máa wádìí ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan náà ló dúró sí ìkòríta púpọ̀ nínú rẹ̀: dókítà àkọ́kọ́.

A kò sì lè retí pé kí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ fúnra rẹ̀ wá dúró sí ìkòríta yẹn. Bí a bá pín gbogbo oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà káàkiri, kò ní kan mílíọ̀nù ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2018 sọ pé lọ́dọọdún, nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn lágbàáyé ló nílò iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tàbí ti ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọn kò rí i gbà, àti pé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ nílò oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó lé ní 23,000 sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kíkọ́ ẹnì kan ṣoṣo níṣẹ́ yìí ń gbà lẹ́yìn tó ti di dókítà. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kò lè dé gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lè dé. Bí a bá jẹ́ kí àwọn tí yóò tú ká sí Jẹ́nẹ́rà fi ojú rẹ̀ wo aláìsàn fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó tú ká, a ti pín in kárí láìjẹ́ pé a pín ara rẹ̀.

Àbá yìí kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìtàn ìṣègùn ilẹ̀ wa. Àlejò ni àwọn dókítà tí Ìbàdàn kọ́kọ́ tọ́. Nígbà tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1948, kò tíì sí ilé ìwòsàn tó tó kọ́ wọn dé ìparí, nítorí náà Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti lọ parí ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, kí wọ́n tó ṣí UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì náà, ní 1957. Ọ̀gbẹ́ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, tí a bí ní 1927, kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó sì padà sí Ìbàdàn ní 1962 láti dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH. Kò sí ẹ̀rọ CT níbi kankan láyé nígbà náà. Ó di 1971 kí wọ́n tó fi í ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú, ọwọ́ àti àwòrán X-ray tí wọ́n fi oògùn aláwọ̀ ya nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó fi ń wá ohun tó wà lábẹ́ agbárí. Òun àti Adelola Adeloye, tó jẹ́ ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ló ṣe àpèjúwe kókó kan tó máa ń yọ lórí àwùjẹ̀ ọmọdé, tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ àwọn méjèèjì pè títí di òní. Orí àwùjẹ̀ ni kókó náà wà, ibi tí ìyá ọmọ pàápàá ń fi ọwọ́ pa lójoojúmọ́. Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan ló lè sọ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí a fún lórúkọ.

Odeku kú ní 1974, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Lọ́dún yẹn kan náà, Teasdale àti Jennett ní Glasgow gbé òṣùwọ̀n jáde tí gbogbo ayé ń lò báyìí láti mọ bí ẹni tó farapa lórí ṣe jí tó. Nǹkan mẹ́ta ni à ń wò: ṣé ó ń lajú, ṣé ó ń sọ̀rọ̀, ṣé ó ń gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bí a bá ní kó gbé e. Àròpọ̀ rẹ̀ kì í dín ní 3, kì í sì í ju 15 lọ. Kò nílò iná mànàmáná, kò nílò ẹ̀rọ, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. A lè rò pé ohun tó rọrùn báyìí, ìwé ti tó láti fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1991 fi hàn pé àwọn tó ti ń lò ó tipẹ́ ń gba òǹkà tó péye, tí àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò sì ń ṣì í, pàápàá ní àárín òṣùwọ̀n náà. Àárín yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó wà ní 15 ń bá wa sọ̀rọ̀, ẹni tó wà ní 3 ti dákú pátápátá. Kò sí ẹni tó máa ṣi àwọn méjèèjì mọ̀. Ẹni tó wà ní 13 lágogo kejì, tó di 10 lágogo kẹrin, ni ó yẹ kó ti wọ ọkọ̀. Ẹni tó ti gba òǹkà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá lára ogún aláìsàn, tí ọ̀gá sì ti tọ́ ọ sọ́nà, ló lè rí i.

Ìbẹ̀wò akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tún ń kọ́ni ní ohun tí kò yẹ kí a ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà káàkiri ayé ń fún ẹni tó farapa lórí ní abẹ́rẹ́ steroid, nítorí wọ́n gbà pé yóò mú wíwú ọpọlọ wálẹ̀. Ní 2004, ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CRASH, tó kó aláìsàn tó lé ní 10,000 jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, fi hàn pé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà kú ju àwọn tí kò gbà á lọ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àṣà tó ti wọ̀ nínú ìwé àtijọ́ kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti dúró ní wọ́ọ̀dù tó gbọ́ tí ọ̀gá béèrè pé, “Ta ló fún ọkùnrin yìí ní steroid, kí sì nìdí?”, kò ní gbàgbé.

Ó yẹ kí a sọ níbí pé àwòkọ́ṣe tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí kò bá tiwa mu. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ máa ń lọ lo nǹkan bí oṣù kan ní ilé ìwòsàn tí kì í ṣe tirẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni yóò ti dé, alẹ́ ni yóò lọ, gbogbo ojú á sì wà lára rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ṣe lálejò náà ni yóò pinnu bóyá àwọn máa gbà á síṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Asẹ́ ni ìbẹ̀wò yẹn: wọ́n fi ń sẹ́ ẹni díẹ̀ tó kù sókè nínú ọ̀pọ̀. Kò sí àléébù nínú rẹ̀ fún ìlú tó ti ní dókítà tó mọ òǹkà Glasgow ní gbogbo ilé ìwòsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé asẹ́ yẹn wá síbí, tí a ní ẹni tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ nìkan ni kó wá, àwọn tí a ń sẹ́ dànù ni àwọn tí Másífà nílò jù. Ohun tí a ní lọ́wọ́ jẹ́ irúgbìn, kí a fún un káàkiri.

Mo mọ̀ pé àtakò kò ní ṣàì wà. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tó nǹkan. Àwọn àgbà ti sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òótọ́ ni, bí a bá fi àlejò náà sílẹ̀ kó máa rìn kiri lẹ́yìn àwọn dókítà bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fún un ní iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n. Àbá mi ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú aláìsàn méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n gbé wá láti ìlú mìíràn, kó sì tọ ipasẹ̀ wọn padà sẹ́yìn: agogo mélòó ni ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, ta ló kọ́kọ́ rí i, kí ni wọ́n ṣe fún un, agogo mélòó ni wọ́n pinnu láti gbé e síwájú, agogo mélòó ló dé. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó kà á sétí àwọn ọ̀gá níparí ìbẹ̀wò, kí orúkọ aláìsàn má sì hàn níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta ti rí ojú ọ̀nà ju ẹni tó dúró lójú tíátà ọgbọ̀n ìgbà tó ń wo ẹ̀yìn oníṣẹ́ abẹ lọ.

Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: aláìsàn kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé. Ẹni tó dákú kò lè sọ pé òun gbà tàbí òun kọ̀, ara ẹbí rẹ̀ kò sì balẹ̀ láti máa rí ọ̀dọ́ mẹ́fà tó yí ibùsùn rẹ̀ ká. Ọ̀rọ̀ iyì ènìyàn ni, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òfin ló yẹ kí ó wà: kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, kí wọ́n lè kọ̀ láìsí pé ìtọ́jú wọn yí padà, kí iye tó ń dúró ti ibùsùn kan má pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò. Kí òfin yìí kan náà de akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìlú òyìnbó wá pẹ̀lú. Ohun tí wọn kò ní gbà fún un láti ṣe nílé rẹ̀, kí a má ṣe gbà fún un níbí nítorí pé aláìsàn wa jẹ́ tálákà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà tún wà: bí a kò bá jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ lábẹ́ ojú ọ̀gá, yóò kọ́ ọ lára aláìsàn Jẹ́nẹ́rà ní òru, níbi tí kò ti sí ọ̀gá kankan. Iyì ta ni a dáàbò bò nígbà yẹn?

Àtakò kẹta ni ti àwọn tó ní kí ni a fẹ́ kọ́ ní ilé ìwòsàn tí irinṣẹ́ kò pé. Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kó lọ sí òkè òkun. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun, nítorí náà n kò bá ìrìn àjò jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mbale, ní Uganda. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Benjamin Warf, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000, ó ń tọ́jú ọmọdé tí omi kún inú ọpọlọ wọn. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi náà wálẹ̀ sínú ikùn lè dí nígbàkígbà, ìyá tí ilé rẹ̀ sì jìnnà lè má rí ọ̀nà gbé ọmọ padà wá kó tó pẹ́ jù. Ìyẹn ló mú kó so ọ̀nà méjì pọ̀, tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi lè yè láìlo rọ́bà rárá. Ó gbé ìmọ̀ náà lọ sí Boston, àwọn oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ sì kọ́ ọ. Jíjìnnà ilé aláìsàn sí ilé ìwòsàn ló bí ìmọ̀ yẹn. Ẹ̀kọ́ nípa jíjìnnà ni Jẹ́nẹ́rà nílò, ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé aláìsàn wá bá láti ọ̀nà jíjìn ló sì lè kọ́ ọ.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ CT, tàbí kí a dènà ìjàǹbá kó tó ṣẹlẹ̀. Mo gbà sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó gbé aláìsàn wá sídìí òun. Ní ti ìdènà, ẹ rántí oṣù kìn-ín-ní 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agídí mú kí ọlọ́kadà dé àṣíborí. Àwọn kan fi igbá dé orí, àwọn mìíràn fi ike ọ̀dà, nítorí ojú ọlọ́pàá ni wọ́n ń dé e sí. Òfin tí kò ní ẹlẹ́rìí ní ìlú máa ń di eré. Dókítà tó ti rí ọpọlọ tó fọ́ yẹ ní ẹlẹ́rìí, ó sì lè bá ẹgbẹ́ ọlọ́kadà Èjìgbò sọ̀rọ̀ lọ́nà tí ìwé ìléwọ́ kò lè gbà sọ ọ́.

Àtakò tó kù ni “jápa”. Kí ni a fẹ́ náwó lé ọmọ tó máa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí? Àwọn dókítà tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àjọ ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti lé ní 10,000, nítorí náà ẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn. N kò ní sọ pé ìfẹ́ ìlú yóò dá wọn dúró. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí a ṣètò ìbẹ̀wò náà débi pé èrè rẹ̀ kò ní dúró de ọdún mẹ́wàá. Dókítà tuntun ní láti ṣe ọdún kan ní ilé ìwòsàn, kó sì sin ìlú ní ọdún kan sí i lábẹ́ NYSC. Láàrin ọdún méjì yẹn nìkan, ó lè kọ́ nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tí wọn kò lọ síbì kankan ní bí a ṣe ń gba òǹkà. Ó sì yẹ kí ìlú yìí lóye ju ìlú mìíràn lọ pé lílọ kì í ṣe sísọnù. Láti ìran dé ìran ni ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ sí Àbíjáàn, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì létí ní ìgboro Èjìgbò. Ilé tí wọ́n kọ́ sílé wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rí.

Kí wá ni Másífà lè ṣe? Kò ní kọ́ ilé ìwòsàn ńlá, kò sì ní gba oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú lè wá àwọn ọmọ rẹ̀ àti ti ìlú tó yí i ká tó ń kọ́ ìṣègùn rí, ní Òṣogbo, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ifẹ̀ tàbí níbikíbi. Ó lè san owó ọkọ̀ àti owó ilé wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ilé ìwòsàn tó bá ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Kí ó sì bá wọn ṣe àdéhùn kan ṣoṣo: kí wọ́n padà wá fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àgbègbè yìí ní ohun tí wọ́n rí. Owó rẹ̀ kò tó owó ayẹyẹ kan.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó yọrí sí rere, ẹ má ṣe ka iye ọmọ Másífà tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba aláìsàn láti agbègbè yìí pé báwo ni lẹ́tà tó ń bá wọn wá ti rí. Bí ó bá jẹ́ ìlà kan péré ló ṣì wà níbẹ̀, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ tọ́jú ẹni yìí, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá sọ agogo tí ó ṣubú, agogo tí ó dé Jẹ́nẹ́rà, òǹkà rẹ̀ nígbà tó dé àti òǹkà rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì ṣe rí, àti agogo tí ọkọ̀ gbéra, a jẹ́ pé ojú oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti dé Másífà.